Orí Kẹfà: Ìwé Àtúnṣe àti Ìtọ́jú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tó Ti Lọ́jọ́ Lórí

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka orí yìí tán yóò lè yan ìwé àtúnṣe tó bá ọkọ̀ kan mu, yóò lè wá ojú ewé tó nílò nínú rẹ̀, yóò lè yí ìwọ̀n ilẹ̀ òkèèrè padà sí èyí tó wà lára irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, yóò sì mọ bí a ṣe ń yẹ nǹkan wò kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ wá lógún jù. Lójú tiwa, owó tó ń ṣòfò jù lórí ọkọ̀ àgbà ní Èkó, orí páàtì tí kò bàjẹ́ rárá ló ń bá lọ.

6.1 Irú ọkọ̀ tí à ń sọ

Ẹni tó bá dúró lábẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, níbi tí ọ̀nà Akówọnjọ ti wá pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ tí orí yìí dá lé: Toyota Corolla, Nissan Sunny, Nissan Micra, Volkswagen Golf, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí kì í mu epo púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní ogún ọdún. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti sin olówó wọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù kí wọ́n tó gba èbúté Tin Can tàbí Kútọnu wọlé, ìwé tó bá wọn jáde nílé iṣẹ́ kì í sì í sábà bá wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lọ́nà Bàdágírì, ní Ọjọ́. Beetle, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, wà lára ohun tí ń jáde níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀; afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì náà kò sì ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹni tí kò bá wo ọ́ìlì yìí déédéé, tàbí tí kò yẹ àlàfo fáàfù wò lásìkò, yóò pàdánù ẹ́ńjìnnì. Àlàfo yẹn jẹ́ 0.15 mm nínú ẹ́ńjìnnì 1600 tó bá tutù. Kò sí ojú tó lè wọn 0.15 mm, kò sí ìka tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n. Ìwé ló ń sọ ọ́, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo ló sì ń fi hàn. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá tó tọ́jú Ìjàpá láyé ìgbà náà fi ń tọ́jú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn.

6.2 Ibi tí ìwé àtúnṣe ti wá

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ó kún, ó péye, àmọ́ ó gbà pé irinṣẹ́ àkànṣe iléeṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Èkejì ni wọ́n kọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ àti fún mẹkáníìkì tí kò ní ju àpótí irinṣẹ́ kan lọ. John Haynes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú kí irú kejì yìí gbilẹ̀. Nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú ní Aden, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tú Austin-Healey Sprite palẹ̀, wọ́n tò ó pa dà, wọ́n sì ń ya fọ́tò iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwé tó tìdí rẹ̀ yọ jáde ní 1966. Látìgbà náà ni iléeṣẹ́ Haynes ti ń tú ọkọ̀ gidi, tí wọ́n ń tò ó pa dà, kí wọ́n tó kọ ìwé lórí rẹ̀. Nígbà tí ìwé bá sọ fún ọ pé kí o yọ wáyà kan kí o tó fọwọ́ kan bóòtù kan, ẹnì kan ti gbìyànjú láti má yọ ọ́, ó sì ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní 1969, ní Amẹ́ríkà, John Muir gbé ìwé tirẹ̀ jáde, How to Keep Your Volkswagen Alive. Ẹni tí kò di sípánà mú rí ló kọ ọ́ fún. Ìwé náà ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn tí kò rówó ra ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́.

Fún Corolla tó pọ̀ lójú pópó wa, ìwé Haynes kan wà tó kárí Corolla ọjà Amẹ́ríkà láti 1993 sí 2002, tó sì kó Geo àti Chevrolet Prizm mọ́ ọn, nítorí páàtì kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní òpin 2020, Haynes kéde pé òun kò ní máa tẹ ìwé orí bébà fún àwọn ọkọ̀ tuntun mọ́. Ìyẹn kò dí ẹni tó ni ọkọ̀ àgbà lọ́wọ́. Ìwé tirẹ̀ ti wà nílẹ̀.

6.3 Mọ ọkọ̀ kí o tó ṣí ìwé

Ìwé tí kò bá ọkọ̀ mu burú ju kéèyàn má ní ìwé lọ, nítorí yóò fún ọ ní ìgboyà láti ṣe ohun tí kò tọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò fẹ́ sípánà. Bírò àti bébà ló fẹ́.

Wo igun gíláàsì iwájú ọkọ̀, ní apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó, láti ìta. Nọ́ńbà alámì mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti tò ó: 1 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, J ni Japan. Corolla tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1NX, iléeṣẹ́ NUMMI ní Fremont, ní California, ló ti wá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Kánádà ni wọ́n ti tò ó. Àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000. Láti orí 2001 títí dé 2009, nọ́ńbà ni wọ́n lò: 1 ni 2001, 2 ni 2002.

Àǹfààní èyí kò kéré. Mú Corolla méjì tí àwọn tó ń tà á pè ní ti 1999. Ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE onílítà 1.8 ló wà nínú rẹ̀, ṣéènì ló sì ń yí fáàfù rẹ̀. Èkejì kì í ṣe ti ọjà Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 4A-FE onílítà 1.6 ló wà nínú tirẹ̀, bẹ́líìtì ló ń ṣe iṣẹ́ ṣéènì níbẹ̀. Bẹ́líìtì ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá gbàgbé tó sì já, ọkọ̀ yóò kú lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fi ìwé ọkọ̀ kìn-ín-ní tọ́jú èkejì lè má rí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì yìí kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ni ọkọ̀ kìn-ín-ní lè sanwó bẹ́líìtì tí kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bí kò bá mọ ohun tó ní.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín àwọn 1ZZ-FE fúnra wọn. Ti 1998 àti 1999 kò ní VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà. Láti 2000 ni Toyota ti fi í sí Corolla ọjà Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí o bá dé ọjà páàtì Ládipọ̀ tí o kàn sọ pé páàtì Corolla lo fẹ́, páàtì tí kò wọlé lo máa gbé bọ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú. Mú nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ẹ́ńjìnnì dání.

6.4 Ìwọ̀n

Ìwé Toyota máa ń tẹ bí bóòtù ṣe gbọ́dọ̀ le tó ní ọ̀nà mẹ́ta lórí ìlà kan ṣoṣo. Ti nọ́ọ̀tì táyà Corolla nìyí: 103 N·m, 1,050 kgf·cm, 76 ft·lbf. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ọjà Amẹ́ríkà lè fún ọ ní ft·lbf nìkan, nígbà tó jẹ́ pé N·m ló wà lára sípánà onídìwọ̀n tí o rà. Fi 1.356 sọ ft·lbf di púpọ̀, yóò di N·m. Má ṣe ka nọ́ńbà láìka orúkọ ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e: 18 ft·lbf jẹ́ nǹkan bí 24 N·m, ẹni tó bá sì ṣì wọ́n mú yóò ya ojú irin inú alumíníọ̀mù.

Kí ni 103 N·m? Bí sípánà bá gùn ní mítà kan, tí o sì fi agbára newton 103 fa ìdí rẹ̀, o ti dé ibẹ̀. Newton 103 tó ìwúwo nǹkan bí kílò mẹ́wàá àbọ̀. Bí sípánà bá jẹ́ ìdajì mítà, agbára náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì, nǹkan bí kílò mọ́kànlélógún. Ọ̀nà wà nínú ìṣirò yìí fún ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lówó sípánà onídìwọ̀n: so òṣùwọ̀n onísípíríìngì, irú tí a fi ń kọ́ ẹrù wọ̀n lọ́jà, mọ́ ìdí sípánà tí o mọ gígùn rẹ̀, kí o fà á kí òun àti sípánà ṣe igun 90°, kí o sì máa wo nọ́ńbà. Kò péye tó ti irinṣẹ́ gidi, a ò sì gbọ́dọ̀ lò ó fún inú ẹ́ńjìnnì. Fún nọ́ọ̀tì táyà, ó sàn ju kéèyàn fi ẹsẹ̀ gun sípánà lọ.

Ẹ̀yin náà ti rí i lẹ́bàá ọ̀nà: fọkanáísà yóò fi páìpù gun ìdí sípánà, yóò sì gbé gbogbo ara lé e. Irin tí nọ́ọ̀tì wọ̀ á fà, abọ́ bíréèkì lè wọ́, ìtẹ̀ bíréèkì á sì máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí táyà bá sì jò lálẹ́ ní Ìdímù, olówó ọkọ̀ kò ní lè fi sípánà kékeré tó wà nínú búùtù tú u.

Ohun tó ṣe pàtàkì bí nọ́ńbà ni ìtòtẹ̀léra. Tọ́ọ̀pù síríńdà 1ZZ-FE ní bóòtù mẹ́wàá. Ìwé fi àwòrán hàn pé àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn le, tí a ó máa lọ sí etí. Bí a bá fẹ́ tú wọn, etí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó mú gbogbo wọn dé 49 N·m lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ní 90°. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù yìí. Bí o bá fi ipá mú apá kan le nígbà tí apá kejì ṣì dẹ̀, yóò tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i yóò sì tún jò. Ìgbà tó bá jò lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n máa ń sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì náà ni kò dára.

Ìyípadà tó kù kò le. Quart kan jẹ́ lítà 0.946, lítà 3.7 ni ọ́ìlì 1ZZ-FE bí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Psi tó wà nínú ìwé ló wà lára géèjì fọkanáísà. Ìwọ̀n atẹ́gùn táyà wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, èyí tí kì í sábà ṣí kúrò.

6.5 Àpẹẹrẹ kan tí a ó tú palẹ̀: ọkọ̀ tó ń gbóná jù

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nílé mẹkáníìkì nìyí. Oníbàárà kan gbé Corolla rẹ̀ wá.

“Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí tún hó mọ́ mi lọ́wọ́ nínú gosílóò Ìyànà Ìpájà.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. A máa yọ thermostat yẹn dànù, a sì máa so fáànù ẹ̀ tààrà. Ojú ọjọ́ tiwa ò fẹ́ thermostat, àwọn òyìnbó tó ń gbé nínú òtútù ló wà fún.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ọmọ iṣẹ́ dá sí i, “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá òun ló bàjẹ́.”

Ọmọ iṣẹ́ ló tọ̀nà. Thermostat jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ń tì, kí omi má bàa lọ sí rédíétọ̀, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè yá. Ti 1ZZ-FE máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 °C sí 84 °C. Ooru Èkó kì í dé ìdajì èyí, nítorí náà ọ̀rọ̀ òtútù òyìnbó kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ thermostat rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ ní tútù bí ọ̀nà bá já geere. Sensor yóò máa sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kò tíì yá, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tú epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó yẹ kí ooru lé kúrò nínú ọ́ìlì yóò dúró síbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 29 oṣù karùn-ún 2023, ẹni tó yọ thermostat ń fi owó ara rẹ̀ jóná lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tó mú ọkọ̀ hó ṣì wà nínú rẹ̀.

Kí ni ìwé sọ? Ó ní kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé ìgbà wo ni ọkọ̀ ń gbóná. Bó bá jẹ́ nínú gosílóò nìkan ló ń gbóná, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, fáànù ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí lójú eré, afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ fáànù. Bó bá jẹ́ lójú eré ló ń gbóná, wo rédíétọ̀ tó dí, thermostat tí kò ṣí tán, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí omi bá ń dín tí a kò rí ibi tó ń jò, tí èéfín funfun sì ń jáde lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lè ti kan gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù. Màmá ti dáhùn ìbéèrè yìí kí ẹnikẹ́ni tó bi í: nínú gosílóò ni.

Nítorí náà, fáànù ni a ó kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà náà, síwíìṣì kan wà níbi tí omi ń gbà, òun ló ń sọ fún fáànù ìgbà tí yóò yí. Tan kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìnnì, kí o yọ wáyà síwíìṣì náà. Fáànù yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé bí wáyà bá já, fáànù á ṣiṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì má bàa jóná. Bó bá yí, fáànù, fíúùsì àti rílèé rẹ̀ dára, síwíìṣì ló kù kí a wò. Bí kò bá yí, bẹ̀rẹ̀ láti orí fíúùsì. Fíúùsì ni ohun tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ máa ń sá kọjá lára rẹ̀ lọ ra mọ́tò fáànù.

Bí fáànù kò bá ní ẹ̀sùn, yọ thermostat, àmọ́ má jù ú nù. Gbé omi sínú ìkòkò, so thermostat kọ́ kó má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ti ohun ìwọn-ooru bọ inú omi náà, kí o sì máa koná díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ń wọ 80 °C, máa wo ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kó tó kọjá 84 °C, nígbà tí omi bá sì fi máa dé 95 °C, àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10 mm. Gbé e kúrò lórí iná. Bó bá ti ń tutù ó gbọ́dọ̀ tì pátápátá. Èyí tó bá ṣe gbogbo èyí kò ní àrùn, dá a padà sáàyè rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Èyí tí kò bá ṣí, ra òmíràn, kí o sì fi sínú ìkòkò kan náà kí o tó fi sínú ọkọ̀. Kò sí ìdí láti gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á gbọ́ nígbà tí iná àti omi wà.

Ìwé tún sọ̀rọ̀ lórí omi fúnra rẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ń mú kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, ìpẹtà náà ló ń lọ dí ihò rédíétọ̀. Kúláǹtì ní oògùn tó ń dènà ìpẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Bẹ́ẹ̀ ni ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán: ó ń há ìtẹ̀ mọ́ inú kí omi lè kọjá 100 °C láìhó. Rọ́bà rẹ̀ tó bá ti ya lè mú ọkọ̀ hó nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù dára. Má ṣe ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi tó wà níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

6.6 Kóòdù kì í dárúkọ páàtì

Láti 1996 ni òfin ti mú kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ọjà Amẹ́ríkà ní ojú ìhò onípíìnì 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí a ti lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sikáànì ti wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn réwáyà báyìí, ohun rere sì ni. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí kóòdù bá jáde.

Mú P0171. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo lọ. Nítorí pé sensor ọ́síjìn ló mú ìròyìn náà wá, ọ̀pọ̀ á sọ pé òun ló bàjẹ́, wọ́n á sì ra òmíràn. Ìránṣẹ́ tó jíṣẹ́ ni wọ́n lé jáde yẹn. Ìwé àtúnṣe yóò kó ọ gba ọ̀nà mìíràn: wo gbogbo rọ́bà tó wà láàárín fílítà afẹ́fẹ́ àti ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ya, wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wo sensor tó ń wọn afẹ́fẹ́ bóyá eruku ti bò ó, wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo, tó yẹ kó wà láàárín 44 sí 50 psi nínú 1ZZ-FE. Sensor ọ́síjìn wà nínú àwọn tó kẹ́yìn. Rọ́bà tó ya lè jẹ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà kóòdù náà ní ìtumọ̀. P ni ẹ́ńjìnnì àti gíà. Odo tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kóòdù náà kan gbogbo iléeṣẹ́. Bó bá jẹ́ 1, ìwé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ni kí o wá. Àmì kẹta ń sọ agbègbè: 1 ni epo àti afẹ́fẹ́, 3 ni iná pulọ́ọ̀gì, 4 ni èéfín. Èyí ni yóò sọ orí tí wàá ṣí nínú ìwé.

6.7 Òpó wo ni tiwa?

Níbi tí ìwé ti ń sọ ìgbà tí a ó máa pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà àti àwọn nǹkan mìíràn, òpó méjì ló sábà máa ń wà. Ọ̀kan wà fún ọkọ̀ tó ń rìn nírọ̀rùn, èkejì fún èyí tó ń jìyà. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ló ń ka òpó àkọ́kọ́, torí ó ń fún wọn láyè. Ka ohun tí ìwé pè ní ìyà: ìrìn kúkúrú léraléra, dídúró pẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, eruku, ẹrù tó wúwo. Ẹni tó ń ti Dọ̀pẹ̀mú lọ Ẹgbẹ́dá láàárọ̀, tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdé ní ọjọ́ kan. Òpó kejì ni tiwa. Lóòótọ́, kìlómítà tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù lè má pọ̀; ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nínú gosílóò, kìlómítà kò sì kúrò lójú kan.

Lórí 1ZZ-FE tó ṣáájú àtúnṣe tí Toyota ṣe sí písítìnnì rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnnì àwọn àkọ́kọ́ kéré, ó máa ń dí, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fa igi ọ́ìlì wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sinmi. Dídúró de iná pupa ọ́ìlì kò bọ́gbọ́n mu, nítorí kì í tàn títí ìtẹ̀ ọ́ìlì fi lọ.

6.8 Ibi tí ìwé kò dé

Ìwé máa ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé “fi tuntun rọ́pò.” Ẹni tó kọ ọ́ kò rí Ládipọ̀ rí. Níbẹ̀, tuntun lè jẹ́ ayédèrú, Bẹ́líjọ̀ọ̀mù, ìyẹn àlòkù tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú, sì lè jẹ́ ojúlówó tó tún lágbára. Kò sí ojú ewé tó kọ́ni èyí. Ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ó mọ ìró béárìn tó fẹ́ kú, ó mọ òórùn kúlọ́ọ̀ṣì tó jóná, ó mọ ẹni tí páàtì rẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìwé kẹ́gàn irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti sọ ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀ nù. Ìlànà tiwa ni pé irin tó ṣeé wọ̀n, bí ọwọ́ ilẹ̀kùn, mọ́tò fáànù tàbí gíà, a lè rà á ní Bẹ́líjọ̀ọ̀mù. Páàdì bíréèkì, rọ́bà bíréèkì, bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti fílítà, a kì í rà wọ́n ní àlòkù láé.

Ìkìlọ̀ kan tí kò ní àwíjàre: jáàkì kò wà fún kí èèyàn wọ abẹ́ ọkọ̀. Gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin lórí ilẹ̀ líle, kí o fi òkúta dí táyà tó kù, kí o tó na ọwọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe ẹsẹ̀ irin. Ó lè fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ìdánrawò

1. Wá Corolla kan ládùúgbò rẹ, kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí o sì kọ nọ́ńbà alámì mẹ́tàdínlógún rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti tò ó? Ọdún wo? Ṣé ó yẹ kó ní VVT-i?

2. Ìwé kan ní kí bóòtù ihò ọ́ìlì jẹ́ 27 ft·lbf. Mélòó ni ní N·m? Bí sípánà rẹ bá gùn ní mítà 0.3, kílò mélòó ni òṣùwọ̀n yóò kà?

3. Ọkọ̀ kan ń gbóná lójú eré ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, àmọ́ kì í gbóná ní gosílóò. Kọ àwọn ohun tí wàá yẹ̀ wò, ní ìtòtẹ̀léra, kí o sì sọ ìdí tí fáànù kò fi ṣíwájú nínú wọn.

4. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà ní iléèwé tó ní yàrá iṣẹ́ ọkọ̀, bíi Government Technical College tó wà ní Ìkọ̀tún, kó bẹ olùkọ́ rẹ̀ fún thermostat àlòkù mẹ́ta, kó dán wọn wò nínú omi gbígbóná, kó sì kọ ìwọ̀n ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣí.

5. Ra ìwé kékeré kan fún ọkọ̀ ilé yín tàbí ti ọ̀gá rẹ. Kọ ọjọ́, kìlómítà, ohun tí ẹ yẹ̀ wò, ohun tí ẹ rí, páàtì tí ẹ pààrọ̀ àti iye tí ẹ rà á síbẹ̀. Fi í sínú ọkọ̀, má sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á.